Fóònù tuntun tó yọnu: ohun tí òfin fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fóònù n'Ílọrin, ẹ lọ sí Taiwo Road, ẹ lọ sí Challenge, òun náà lẹ máa bá ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, pé ọjà tá a bá ti tà a ò ní gbà á padà, owó tó bá ti wọlé ò ní jáde mọ́. Àwọn míì tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sára ògiri lẹ́yìn kàǹtà. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn wa gba gbólóhùn yẹn bíi pé ìjọba ló kọ ọ́. Ẹni tó fi ₦180,000 ra fóònù, tí fóònù ò gba iná mọ́ lọ́jọ́ kẹrin, á kàn wo ìwé yẹn, á mí kanlẹ̀, á lọ san owó míì fún ẹnjiníà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbólóhùn yẹn ò lágbára kankan lórí fóònù tó bá lábùkù láti ilé, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà, ìyẹn FCCPC, sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kò bófin mu.

Òfin tí mò ń sọ ni Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018, Ààrẹ Buhari ló buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2019. Òun ló gbé FCCPC kalẹ̀, tó fi rọ́pò CPC àtijọ́, ìyẹn Consumer Protection Council, tí òfin tiẹ̀ ti wà láti 1992. Apá 131 nínú ẹ̀ sọ pé ẹni tó bá rajà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dáa, tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á, tí ò lábùkù, tó sì máa ṣe é lò fún ìgbà tó bójú mu. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbà yanjú ẹ̀: kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Òfin yìí kan gbogbo Nàìjíríà, kì í ṣe Èkó àti Àbújá nìkan, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní Tanke náà wà lábẹ́ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká là á yéra wa, kí ẹnikẹ́ni má lọ bá ọlọ́jà fa wàhálà lórí ohun tí ò tọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá ra fóònù dúdú tẹ́ ẹ délé tọ́mọ yín wá ní búlúù ló dáa jù, ìyẹn kì í ṣe àbùkù, tí ọlọ́jà bá bá yín pààrọ̀ ẹ̀ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí ò bá sì gbà, kò jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá rí i níbòmíì tí owó ẹ̀ fi ₦5,000 dín. Ọ̀rọ̀ fóònù tí ò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe là ń sọ: èyí tó ń kú fúnra ẹ̀, tí kì í gba síìmù, tí sikirínì ẹ̀ ń ṣẹ́jú, tó ń gbóná kọjá ààlà, tí ẹni tẹ́ ẹ pè kì í gbóhùn yín.

Ohun tó ń da gbogbo ẹ̀ rú mọ́ èèyàn lójú ni pé ìlérí mẹ́ta ló máa ń wà lórí fóònù kan, ọ̀tọ̀ sì lẹni tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ti òfin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín ló sì kọ́kọ́ dè, torí òun lẹ bá dòwò pọ̀. Èkejì ni wọ̀ráńtì, ìyẹn ìlérí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà, àwọn ló ní ìwé tó wà nínú páálí, àwọn ló ní sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń tún un ṣe, bíi Carlcare tó jẹ́ ti Tecno, Infinix àti itel. Ẹ̀kẹta ni ti ọlọ́jà fúnra ẹ̀, èyí tó máa ń fẹnu sọ pé "ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá yọnu ẹ gbé e wá."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ gan-an nìyẹn. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá, ọlọ́jà á ní ọ̀rọ̀ ti tán láàárín àwa méjèèjì, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn á ní ẹ máa lọ sí sẹ́ńtà. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn, àánú tiẹ̀ ló fi ṣe é, ó lè fi kún ohun tí òfin fún yín, àmọ́ kò láṣẹ láti fi bu ohun tí òfin fún yín kù. Wọ̀ráńtì náà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé torí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ti ṣèlérí, ẹni tó tà á ti wá bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa yan ibi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn láti kọ́kọ́ gbà, lóòótọ́ sẹ́ńtà máa ń yá jù tó bá jẹ́ pé àtúnṣe nìkan lẹ fẹ́, torí wọ́n ní irinṣẹ́, wọ́n ní páàtì tó jẹ́ ojúlówó, wọn ò sì ní gbowó tí wọ̀ráńtì bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí sẹ́ńtà bá ní ọ̀rọ̀ ò kan àwọn, ẹ má rò pé ibi tó máa parí sí nìyẹn, ẹ ṣì lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.

Àǹtí mi kan tó ń ta aṣọ ní Ọ̀fà ra fóònù n'Ílọrin, páálí tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, bátìrì ẹ̀ kì í sì í dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní, "Màmá, àwa kọ́ la ṣe fóònù, àwa kàn ń tà á ni, ẹ gbé e lọ sí sẹ́ńtà wọn." Wọ́n dé sẹ́ńtà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ IMEI, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí fóònù kọ̀ọ̀kan ní, sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún un tẹ̀, ó wá ní, "Màmá, wọ̀ráńtì fóònù yìí ti ń kà láti oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì yín." Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹnì kan ti tan fóònù yẹn, ó ti lò ó, kí wọ́n tó dì í padà sínú páálí tà á fún wọn bíi tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan fóònù ni wọ̀ráńtì ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó. Àǹtí mi padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rìsíìtì tí IMEI wà lára ẹ̀ àti ohun tí sẹ́ńtà kọ fún wọn, ó sì di dandan kí ọkùnrin yẹn pààrọ̀ ẹ̀, torí kò sí ohun tó fẹ́ sọ mọ́. Apá 117 òfin yẹn ò jẹ́ kí ọlọ́jà ta ohun tí wọ́n ti lò tàbí tí wọ́n tún ṣe láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ síta gbangba fún ẹni tó ń rà á.

Ìdí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ rìsíìtì nìyẹn. Àwa tá a wà níbí, a fẹ́ràn kó jẹ́ pé "Àlàájì ni mo ra tèmi lọ́wọ́ ẹ̀, a mọra wa," a ò ní gba ìwé, tàbí ká gba bébà kékeré tí wọ́n kọ "fóònù 1" sí. Apá 118 sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fún yín ní àkọsílẹ̀ ohun tó tà, kì í ṣe ojúrere. Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti àdírẹ́sì wà níbẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, orúkọ fóònù náà gan-an àti iye tó jẹ́, èmi á sì ní kẹ́ ẹ ní kó kọ IMEI sí i àti bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi tiransifáà sanwó, ẹ má pa álátì rẹ́, òun náà ẹ̀rí ni. Tí rìsíìtì bá sọnù, kì í ṣe pé ẹ̀tọ́ yín ti sọnù, àmọ́ ẹjọ́ á le díẹ̀, ẹ máa wá fi álátì àti ọ̀rọ̀ orí WhatsApp gbe ara yín lẹ́sẹ̀.

IMEI yìí, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù, á jáde síta, nọ́ḿbà 15 ni. Tí fóònù bá ń gba síìmù méjì, méjì ló máa jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí, kẹ́ ẹ tó sanwó o. Tí méjèèjì ò bá jọra, ẹ má wo bí ọlọ́jà ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pe ẹnì kan, ẹ gbọ́ bóyá ó ń gbọ́ yín, ẹ fi ṣájà inú páálí gan-an sí i kì í ṣe tọlọ́jà, ẹ ya fọ́tò tiwájú tẹ̀yìn, ẹ fi ìka fa nǹkan káàkiri gbogbo ojú sikirínì torí àwọn kan máa ń ní ibi tí wọn kì í gbọ́ ìka. Òfin fún yín láyè láti yẹ ọjà wò kẹ́ ẹ tó rà á, ọlọ́jà tó bá ń kanra torí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò ti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín.

Ó wá kan ibi tó le jù, ìyẹn ẹ̀bi ta ni. Kò sí ọlọ́jà tó máa ní fóònù òun lábùkù, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé "ẹ jẹ́ kó já bọ́" tàbí "omi ti wọ̀ ọ́." Nígbà míì òótọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Wọ̀ráńtì kì í bójú tó sikirínì tó fọ́, fóònù tó já sínú bókẹ́ẹ̀tì, tàbí èyí tí wọ́n fi ṣájà burúkú jó. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bébà kékeré funfun kan wà níbi tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ tàbí níbi tí bátìrì wà, tí omi bá kàn án á di pupa tàbí pińkì. Ohun tí sẹ́ńtà kọ́kọ́ ń wò nìyẹn. Ẹ̀yin náà lè tan tọ́ọ̀ṣì wò ó kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń gbé lọ, àti pé kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nígbà tó ṣì funfun.

Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ kì í tiẹ̀ ṣe omi. Fóònù á yọnu lónìí, kó tó di ọ̀la wọ́n ti gbé e lọ fún ẹnjiníà tó wà nítòsí ilé, ìyẹn á ṣí i, á fi iná sí panẹ́ẹ̀lì, á fláàṣì ẹ̀, kò sì ní ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá rántí wọ̀ráńtì. Sẹ́ńtà á wò ó, wọ́n á rí i pé ẹnì kan ti tú síkúrù ẹ̀, wọ́n á ní wọ̀ráńtì ti tán. Ọlọ́jà náà á ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ ohun tí ẹnjiníà yẹn ṣe, ẹ̀rí ti dàrú. Mi ò bá àwọn ẹnjiníà wa jà o, àwọn kan wà ní Challenge tí ọwọ́ wọn mọ́ ju ti sẹ́ńtà lọ, ṣùgbọ́n tí wọ̀ráńtì bá ṣì wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Ti bátìrì wíwú yàtọ̀, ẹ má bá a ṣeré. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹ̀yìn fóònù ń gbéra, tí sikirínì ń yọ sókè létí, gáàsì ló ń kóra jọ sínú bátìrì yẹn, ó lè gbiná. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ṣájà, ẹ pa á, ẹ má gún un, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ padà. Àbùkù láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ní 2016, Samsung ní láti kó Galaxy Note 7 bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ padà kárí ayé torí bátìrì ẹ̀ ń gbiná, àwọn tí wọ́n fi pààrọ̀ náà tún ń gbiná, ni wọ́n bá kúkú dá a dúró pátápátá lóṣù kẹwàá ọdún yẹn. Tí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè ṣàṣìṣe, kí ló dé tí ọlọ́jà á fi máa sọ fún ìyá tó wá láti Ìgbàjà pé ọwọ́ ẹ̀ ló ba fóònù jẹ́?

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń rò pé tó bá ti jẹ́ tòkunbọ̀, kò sí ẹ̀tọ́ kankan mọ́. Ẹ̀tọ́ wà. Ẹ ò kàn lè retí pé kí bátìrì ẹ̀ rí bíi ti tuntun, tàbí kí ara ẹ̀ má ní ojú ibi tó ti ha, torí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti lò ó kẹ́ ẹ tó rà á. Àmọ́ tó bá sọ fún yín pé kò sí ohun tó ṣe é, tí kò sì wá gba síìmù, tàbí tó wà ní títì mọ́ orúkọ ẹlòmíì tó wà lókè òkun, kò tà yín ní ohun tó ní òun tà. Ọ̀tọ̀ sì ni kéèyàn ra fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ṣòwò, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó kàn ń gbé e kiri ní Ìpàtà. Òfin oníbàárà yìí, àwọn tó ń ṣòwò ló dè. Ti ẹni tó ń gbé e kiri yẹn léwu ju àbùkù lọ, torí tó bá jẹ́ fóònù olè, Penal Code tá à ń lò ní Kwara ò fi ojúure wo ẹni tó gba ẹrù olè tó sì mọ̀, tàbí tí gbogbo nǹkan fi hàn pé ó yẹ kó mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tiyín tiẹ̀ rọrùn díẹ̀ nínú òfin, torí ẹ ò rí ọjà yẹn sójú kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ béèrè, ẹ lè kọ̀ ọ́. Ẹ tan fídíò nígbà tẹ́ ẹ bá ń já páálí, níṣojú ẹni tó gbé e wá tó bá ṣeé ṣe.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́. Ẹ má kọ́kọ́ pariwo. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọlọ́jà lórí WhatsApp, kó lè wà lákọsílẹ̀, kí ọjọ́ wà lára ẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàsán sà. Fóònù tí mo rà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Tuesday, IMEI ẹ̀ rèé, kò gba iná mọ́ láti àná. Kò já bọ́, omi ò kàn án, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ṣí i. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dá owó mi padà. Mò ń retí yín di ọjọ́ Monday. Ẹ ṣé sà." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fídíò ohun tó ń ṣe sí i. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, torí bẹ́ ẹ bá ṣe ń lò ó pẹ́ tó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rí àbùkù, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà ṣe máa rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa ń parí níbẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá gba ọ̀dọ̀ alága àwọn ọlọ́jà fóònù tó wà ládùúgbò, wọn kì í fẹ́ kí orúkọ ọjà wọn bàjẹ́. Mi ò lòdì sí ká bẹ àgbà sí i. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n máa fi "ẹ fọwọ́ wọ́nú" gba owó yín lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá ní wọ́n máa tún un ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e fún yín sílẹ̀, àti pé tí àbùkù yẹn kan náà bá tún padà wá, wọ́n ti tún un ṣe tó, pípààrọ̀ ló kàn.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀, FCCPC ló kù. Ẹ ò ní láti lọ sí Àbújá, ẹ lè kọ ọ́ sí contact@fccpc.gov.ng tàbí kẹ́ ẹ gba orí ìkànnì wọn, fccpc.gov.ng. Ẹ fi rìsíìtì, fọ́tò IMEI, àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ọlọ́jà sọ sí i, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an. Kò gba lọ́yà, wọn kì í sì gbowó. Apá 146 tún sọ pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè gba kóòtù lọ tààràtà láìkọ́kọ́ dúró de FCCPC, àmọ́ ní tèmi, kóòtù kì í ṣe ibi téèyàn ń kọ́kọ́ sá lọ lórí fóònù. NCC ńkọ́, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn tí nọ́ḿbà wọn jẹ́ 622? Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dátà tó ń parẹ́ àti síìmù ni wọ́n máa ń yára dá sí, ẹ má gbé ẹjọ́ ọlọ́jà fóònù lọ bá wọn.

Ẹnjiníà tó ń tún fóònù ṣe náà ò sí níta òfin. Apá 130 sọ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ sanwó fún gbọ́dọ̀ dáa, kó sì parí lásìkò, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó padà. Nítorí náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹnjiníà náà, kó kọ ohun tó fẹ́ pààrọ̀, kó sì kó èyí tó yọ fún yín, torí àwọn kan máa ń yọ ojúlówó sikirínì kí wọ́n fi èyí tí ò dáa sí i. Kẹ́ ẹ tó fi fóònù sílẹ̀ níbikíbi, yálà sẹ́ńtà ni o tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ síìmù, ẹ yọ mẹ́mọ́rì, ẹ jáde nínú áàpù báńkì yín, ẹ má sì sọ nọ́ḿbà àṣírí báńkì fún ẹnikẹ́ni, kò sí àtúnṣe fóònù kankan tó ń béèrè ìyẹn.